Ìlà Tó Ṣófo Láàárín 116 àti 118

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Wọ́n ti gbé dúróònù náà dé. Inú àpótí dúdú kan ló wà, bí èyí tí àwọn aránṣọ fi ń gbé ẹ̀rọ wọn kiri. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ ló gbé e kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹnu lásán ni mo fi dá a lóhùn. Kó tó jókòó ni mo ti sọ ọ́ ní Alápótí.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Kò-Sí-Wàhálà ni gbogbo wa ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun téèyàn máa gbé lọ bá a tí kò ní fi gbólóhùn yẹn lé e jáde. Ó ní dúróònù máa fò lórí gbogbo àdúgbò, yóò ya àwòrán púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ẹ̀rọ síkánà ya àwọn rẹ́jísítà wa, ìwé tí a kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ sí, sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá fi orúkọ inú ìwé sórí ilẹ̀ tó wà nínú àwòrán. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni wọ́n máa ti máàpù náà pa. Ilẹ̀ tí kò bá lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, ó di ti ìjọba ìbílẹ̀.

Mo nawọ́. Mo ní ta ló máa yẹ àwọn rẹ́jísítà wò kí ẹ̀rọ tó yà wọ́n. Ó ní, "Màdáámú, kò sí wàhálà. Àwọn tó gba kọ́ńtíráàtì máa ṣe é."

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti lò nínú yàrá ìwé yẹn. Mo mọ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo mọ èyí tí eku jẹ létí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí n nu eruku ara wọn kí àwọn àlejò tó dé! Inú bí mi débi pé mo gbàgbé agboòrùn mi sí ọ́fíìsì, òjò sì pa mí délé.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹfà

Dúróònù fò lónìí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé Alápótí kí n máa fi ojú ọ̀nà hàn án. Èmi náà ti wá di atọ́nà. Ó ń kùn lókè bí oyin tí wọ́n fọwọ́ kàn. Obìnrin kan sáré jáde, ó já gbogbo aṣọ tó sá sórí okùn, ó ní kí wọ́n má ya àwòrán àwọ̀tẹ́lẹ̀ òun fún ìjọba. Mo rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ní ìkòríta, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀, dojú kẹ̀kẹ́ ọmọ iléèwé kan dé, ó ń yí táyà rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó juwọ́ sí dúróònù náà.

"Ìyá Ìwé, ṣé ó rí mi?"

"Ó rí yín, Bàbá. Ó rí fìlà yín pàápàá."

"Ó dáa. Ìwé ilẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà nínú rẹ́jísítà, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń bi mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fún un ní èsì kan náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ́jísítà! Ọkùnrin mẹ́ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣí ìwé bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ọ̀tá. Mo ní, "Ẹ rọra, bébà yẹn ti gbó." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ yín ti parí, ẹ lọ sinmi." Mo dúró gbọnin síbẹ̀ títí tó fi di pé òun fúnra rẹ̀ ò lè gbójú sókè wò mí mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Kò-Sí-Wàhálà ní kí wọ́n kó àwọn rẹ́jísítà lọ sí yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn ilé omi. Wọ́n fi ọmọlanke kó wọn bí tòmátì tó bà jẹ́. Pẹpẹ mi ṣófo. Mo jókòó tì í, mi ò mọ ibi tí màá gbọ́wọ́ lé.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Òjò. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Tíṣà ní òun rò pé ọmọ búrẹ́dì ni mo rà bọ̀. Ọkọ mi yìí, ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nílé ìwé, kò fẹ̀yìn tì kúrò nínú ẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Bíírò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ojú ìwé yìí bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri iwájú ọ́fíìsì láàárọ̀: "Àwọn Púlọ́ọ̀tì Tí Kò Lólúwa." Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ bọ̀, àfi bí mo ṣe dé 117. Púlọ́ọ̀tì 117! Ilé Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, níbi tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Kò lólúwa kẹ̀?

Mo já wọ yàrá Alápótí láì kanlẹ̀kùn. Mo ní ta ló fo ojú ìwé. Ó ní wọn ò fo nǹkan kan. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. 116 wà ńbẹ̀, búlúù rekete. 118 wà ńbẹ̀. Àárín wọn, ìlà funfun báláú.

"Mà, wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀."

"Ta ni ò kọ nǹkan? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́! Ìgbà yẹn, ìwọ ṣì ń mu ìka!"

Mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pè é ní olè. Mo ní ilé iṣẹ́ wọn ti gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ìkòríta yẹn ṣe ibùdókọ̀ àwọn lọ́rì. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo jáde, mo sì gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ ara ògiri.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

Ẹnì kan ti ka ìwé ara ògiri náà fún Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Ó dé ní aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́. Mo ní kó jókòó, ó ní òun ò ní fi gíríìsì ba àga ìjọba jẹ́.

"Ìyá Ìwé, wọ́n ní èmi ò sí nínú ìwé."

"Àṣìṣe ni, Bàbá. Màá tún un ṣe."

"Ìwé àtijọ́ tí mo ní, ẹ̀yin lẹ gbà á. Ẹ ní kí n kó o sílẹ̀ kí n wá gba tuntun."

Òótọ́ ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: a máa gba ti àtijọ́, a óò ní kí o padà wá fún tuntun. Lọ́dún tí a kó wá sí ọ́fíìsì tuntun, a dáná sun gbogbo ti àtijọ́. Kò sí bébà kankan lọ́wọ́ bàbá yìí láyé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ló ní.

Kò pariwo. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ fún mi pé ó wà ńbẹ̀." Ó kí mi, ó ń lọ. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Mo ti mọ ẹni tó ṣe é.

Láàárọ̀ yìí ni Tíṣà kọ ohun tó fẹ́ kí n rà bọ̀ sẹ́yìn àpòòwé kan. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mi ò rí nǹkan kan. Mo gbé e jìnnà, mi ò rí i.

"Tíṣà, kí lẹ fi kọ eléyìí?"

"Pẹ́ńsùlù ni. Ojú ẹ ló ń di bàìbàì, má dá pẹ́ńsùlù lẹ́bi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná tèmi tàpò lọ́wọ́.

Ọ̀gá wa àkọ́kọ́ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ní pẹ́ńsùlù ni ká kọ́kọ́ fi kọ orúkọ àti ìwọ̀n ilẹ̀ sí rẹ́jísítà. Bí òun bá ti lọ wo ilẹ̀ náà tí òun sì ti fọwọ́ sí i, ká wá fi bíírò gba orí rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, ó ku púlọ́ọ̀tì mọ́kànlélọ́gọ́ta tí bíírò ò tíì kàn. Ọ̀gá tó tẹ̀ lé e ní òun ò fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò ṣojú òun. Èmi ni wọ́n ní kí n máa rán an létí. Mo rán an létí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bímọ, mo lọ, mo bọ̀, ọ̀gá yẹn náà lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì di ọdún mọ́kàndínlógún. Bí Bàbá bá bi mí, mo máa ń sọ pé ó wà nínú ìwé. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo wá lọ bú ọmọ ọlọ́mọ ní olè! Ṣìọ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà

Mo kọ́kọ́ lọ bẹ Alápótí. Ó nira fún mi, ẹnu mi wúwo, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mà, èmi náà lẹ́bi." Àwọn tó ya ìwé ti ṣètò ẹ̀rọ síkánà náà kó máa nu gbogbo ìdọ̀tí kúrò lójú ìwé, kí ojú ìwé lè mọ́. Ohunkóhun tí kò bá dúdú tó, ẹ̀rọ kà á sí àbàwọ́n, òun náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó nu Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ kúrò pẹ̀lú eruku.

A jọ lọ bá Kò-Sí-Wàhálà. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Màdáámú, pẹ́ńsùlù kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá nilẹ̀ kó mú ìwé rẹ̀ wá."

"Àwa la gba ìwé wọn, sà. Àwa la sun ún."

"Kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí. Kò sí wàhálà."

Mo ní kó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rù ká lọ wo rẹ́jísítà fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ti ibẹ̀ pa títí iṣẹ́ máàpù yóò fi parí. Ó kù ọjọ́ mọ́kànlá. Mo jáde kí n má bàa sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ kẹta tí òjò ti ń rọ̀ láì dákẹ́ rèé. Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, mo sì gbá àgádágodo rẹ̀ nípàá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹfà

Òjò dá díẹ̀. Alápótí fò dúróònù rẹ̀ láti ṣe èyí tó ṣẹ́ kù, ó sì yà á gba orí ọgbà wa. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òrùlé ibi tí wọ́n kó ìwé yín sí."

Páànù méjì ti ṣí lọ. Ihò ńlá. Mo rí nǹkan aláwọ̀ pupa kan nínú rẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn rẹ́jísítà mi ni.

Igbe tí mo ké, Tíṣà ju ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ní ta ló kú.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹfà

Mo gbé fóònù náà síwájú Kò-Sí-Wàhálà. Ó wò ó. Ó ní, "Háà. Ó dáa, kò sí wàhá..."

"Wàhálà wà!" Mi ò mọ̀ pé mo lóhùn tó bẹ́ẹ̀. "Wàhálà wà, sà! Ó ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́!" Òǹtẹ̀wé tó wà ní yàrá kejì pàápàá dáwọ́ dúró. Ọ̀gá ṣí dúrọ́à rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, kò wojú mi.

A ṣí ilẹ̀kùn. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Rẹ́jísítà mi wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Mo ṣí ti àkọ́kọ́, gbogbo bíírò rẹ̀ ti ṣàn, orúkọ àwọn èèyàn ti di omi búlúù kan ṣoṣo. Ẹkún gbọ̀n mí. Mi ò bìkítà pé Alápótí ń wò mí.

Ó bá mi gbé ìkẹta jáde síta. Ibẹ̀ ni 117 wà. A fi ọ̀bẹ ìdáná la ojú ìwé kúrò lára ara wọn. 116 ti lọ, 118 ti lọ, àwọn tó búlúù rekete lórí kọ̀ǹpútà. Láàárín àwọn méjèèjì, ìlà kan wà tó jókòó jẹ́ẹ́, eérú-eérú, kò yẹ̀ lára: orúkọ Bàbá, ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tó wá, bí ọwọ́ mi ṣe máa ń rí nígbà tí mo ṣì ń kọ̀wé dáadáa.

Omi ò rí pẹ́ńsùlù gbé ṣe.

Alápótí bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè nínú omi, ó ń ta á sí mi lára. "Mọ́mì! Gbogbo wọn ló wà!" Mo ní kó rọra, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. A tẹ́ wọn sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi fóònù ya ìlà kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Méjì lẹ̀ mọ́ra, a máa dúró kó gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Àwọn méjì náà là. Ó pé.

Kò-Sí-Wàhálà ti rí ọ̀nà mìíràn. Ó ní àwọn tó ni máàpù máa gbà á bí òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ bá fọwọ́ sí ìwé pé òun ni, àti pé òun ló kùnà láti fi bíírò kọ ọ́ láti ìgbà yẹn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn: "Màdáámú, oṣù Kẹwàá ni ìgbéga yín. Ọdún mẹ́ta ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fọwọ́ sí irú nǹkan báyìí, mo gbọ́dọ̀ fún un ní kúẹ́rì. Ìgbéga yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ lọ rò ó."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo sọ ọ́ fún Tíṣà. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́, àbí ìwọ kọ́?" Ó yí rédíò sílẹ̀, ó tún yí i sókè. Inú bí mi sí òun náà.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Mo fọwọ́ sí i. Ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bíírò méjì ló gbẹ sí mi lọ́wọ́. Aago mẹ́ta, kúẹ́rì dé orí tábìlì mi, inú àpòòwé tí wọ́n ti tẹ orúkọ mi sí láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje

Wọ́n ti máàpù pa ní aago mẹ́rin. Alápótí pè mí wá wò ó. 117 ti ní àwọ̀ ewé, ó ti lórúkọ. Ó gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká, ọ̀la ló ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bú mi dáadáa lọ́jọ́ yẹn o." Mo ní kó lọ jẹun, ó ti rù jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

Mo fèsì sí kúẹ́rì wọn. Ìlà kan péré: "Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mi ò parí rẹ̀." Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí ẹ̀rọ, sí Kò-Sí-Wàhálà, sí ọ̀gá tó lọ àti ọ̀gá tó dé. Ó ń bí mi sí ara mi jù.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ dé lọ́sàn-án. Ó ti fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Mo fi àwòrán tí dúróònù yà hàn án: òrùlé rẹ̀, àgbàlá rẹ̀, àti òun fúnra rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó juwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tó dojú dé. Ó wò ó títí. Ó ní táyà yẹn ò tíì yí dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Mo gbé ìwé tuntun rẹ̀ kalẹ̀. Ó kù kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

"Ìyá Ìwé, kí lẹ fẹ́ fi kọ ọ́?"

"Bíírò ni, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ n rí i."

Mo gbé bíírò náà sókè. Ó gbà á, ó fà á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo lù ú lóǹtẹ̀, mo ní, "Ó ti parí, Bàbá. Ẹ máa mú un lọ."

Kò mú un. Ó fa àga, ó jókòó sórí àga ìjọba fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ká ọwọ́ lé orúnkún.

"Kí lẹ ń dúró de, Bàbá?"

"Kó gbẹ," ó ní.

Àwa méjèèjì sì jókòó, a ń wò ó.